Wo Iṣẹ́ Náà Kí O Tó Ka Ìwé: Bí A Ṣe Ń Kọ́ Ìtàn Iṣẹ́ Ọnà ní Ilé Ẹ̀kọ́ Girama

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń há ìtàn iṣẹ́ ọnà sórí: orúkọ ayàwòrán, ọdún, orílẹ̀-èdè, ó parí. Nígbà tí ìdánwò bá wá dé, tí wọ́n gbé àwòrán tí wọn ò rí rí síwájú wọn, ẹnu wọn á wọhò. Kì í ṣe pé wọn ò kàwé o. Wọ́n kàwé, wọn ò wo iṣẹ́ ni. Ọ̀nà tí mo fẹ́ fi hàn ọ́ gba ibòmíràn: ojú ni yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, pẹ́ńsù á tẹ̀ lé e, ìwé ló máa kẹ́yìn. Bí o bá tò ó báyìí, ọdún àti orúkọ á rọrùn láti rántí, torí wọ́n á ti rí ohun tí wọ́n máa rọ̀ mọ́.

1. Gba ìlànà ẹ̀kọ́ rẹ

Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ fún ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìdánwò yín dá lé. Ètò kan yàtọ̀ sí èkejì. Nínú ètò AP (Advanced Placement) tí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ń lò ní Amẹ́ríkà, iṣẹ́ 250 ni wọ́n dárúkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀, láti orí àwòrán inú ihò àpáta títí dé iṣẹ́ òde òní. Àwọn ètò mìíràn wà tó jẹ́ pé àkókò tàbí kókó ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń yàn, tí olùkọ́ á sì fúnra rẹ̀ mú iṣẹ́ tí wọ́n máa wò. Bó ti wù kí tìrẹ rí, kọ orúkọ gbogbo iṣẹ́ náà sójú ìwé kan, kí o fi àmì sí èyí tí ojú rẹ ti rí rí. Àwọn tí kò ní àmì ni kí o kọ́kọ́ dojú kọ.

2. Wò ó pẹ́

Ibí yìí ni ẹ̀kọ́ náà wà gan-an, ìdí nìyẹn tí màá fi pẹ́ níbẹ̀. Mú iṣẹ́ kan ṣoṣo. Fi bébà bo àlàyé tó wà lábẹ́ rẹ̀. Wo àwòrán náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìka ohunkóhun, kí o máa kọ ohun tí o bá rí sílẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ kì í le. Lẹ́yìn ìyẹn ó máa ń sú èèyàn, wàá sì rò pé o ti rí gbogbo rẹ̀ tán. Má dìde. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá sú ọ yẹn ni wàá ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí ohun tí ojú àwọn tó kù fò.

Jẹ́ ká fi ọ̀kan ṣe é. Ní ọdún 1434, Jan van Eyck fi ọ̀dà olóròóró ya ọkùnrin kan àti obìnrin kan nínú yàrá, sórí pákó. National Gallery ní London ló wà báyìí, àwòrán Arnolfini ni wọ́n ń pè é. Kí lo rí? Ọkùnrin náà dé fìlà dúdú ńlá, ó fi ọwọ́ kan di ọwọ́ obìnrin náà mú, ó gbé ìkejì sókè. Ajá kékeré kan dúró níwájú wọn. Bàtà pákó kan wà nílẹ̀ lápá òsì, bàtà pupa kan wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ọsàn wà lójú fèrèsé. Àbẹ́là kan ṣoṣo ló ń jó lórí ọ̀pá àbẹ́là tí wọ́n fi kọ́ òkè, bẹ́ẹ̀ ojúmọ́ ti mọ́ kedere.

Tún tẹra mọ́ ọn. Jígí róbótó kan tó wú síta wà lára ògiri ẹ̀yìn. Nínú rẹ̀, wàá rí ẹ̀yìn àwọn méjèèjì, wàá sì tún rí ẹni méjì mìíràn lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìwọ tó ń wo àwòrán náà ì bá dúró sí. Àwòrán tíntìntín mẹ́wàá, ìtàn ìjìyà àti àjíǹde Jésù, ló yí etí jígí náà ká. Lókè rẹ̀, ayàwòrán fi èdè Látìn kọ ọ́ sára ògiri pé Jan van Eyck wà níbí, 1434. Gbogbo èyí ló wọ inú pákó tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 82 lọ, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 60. Mi ò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó tẹjú mọ́ jígí yẹn dáadáa tó tún gbàgbé ọdún 1434.

Ìgbà yìí ni kí o ṣí àlàyé. Wàá kà á pé ní 1934, Erwin Panofsky, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà, sọ pé ìgbéyàwó ni àwọn méjèèjì ń ṣe, àti pé àwòrán náà dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Àwọn onímọ̀ mìíràn ta kò ó. Bákan náà, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé obìnrin náà lóyún, bẹ́ẹ̀ aṣọ tó gbòòrò ló ká jọ síwájú ikùn bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ láyé ìgbà náà. Ìwọ tí o ti fi ojú ara rẹ wò ó lè dá sí àríyànjiyàn yìí. Ẹni tó ka ìwé nìkan ò lè ṣe ju kó gba ohun tí wọ́n bá sọ fún un.

Máa tò àwọn ìbéèrè rẹ báyìí: kí ló wà níbẹ̀? Báwo ni wọ́n ṣe ṣe é? Kí ló túmọ̀ sí? Ta ló gbé iṣẹ́ náà fún oníṣẹ́ ọnà, kí ló sì fẹ́ fi ṣe? Má ṣe fo ìbéèrè kìíní bọ́ sórí ìkẹta. Fífò bẹ́ẹ̀ ló ń bí ọ̀pọ̀ ìsọkúsọ tí à ń kà nípa iṣẹ́ ọnà.

3. Yà á, bí o kò tilẹ̀ mọ àwòrán yà

Pẹ́ńsù àti bébà lásán ti tó. Kò sí ẹni tó máa fún ọ ní máàkì nítorí ẹwà rẹ̀, nítorí náà má pa á rẹ́ kí o tún un yà. Ohun tí o ń wá ni bí nǹkan ṣe tò: ibo ni ìlà tó gùn jù lọ gbà, ibo ló ṣókùnkùn, ibo ni ojú ń kọ́kọ́ lọ?

Gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú Guernica, àwòrán tí Pablo Picasso yà ní 1937 nípa ìlú kan ní Spain tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí. Bí o bá fa ìlà láti igun ìsàlẹ̀ méjèèjì lọ sókè, wàá rí i pé wọ́n pàdé nítòsí fìtílà, wọ́n sì di igun mẹ́ta ńlá. Ẹṣin tó ń ké ló wà láàárín. Lápá òsì, ìyá kan gbé òkú ọmọ rẹ̀ sábẹ́ akọ màlúù. Lápá ọ̀tún, ẹnì kan na ọwọ́ méjèèjì sókè nínú iná. Ẹnu ìyá náà, ti ẹṣin náà àti ti ẹni inú iná náà ló là sílẹ̀. Ọwọ́ tó ń ya ẹnu mẹ́ta yìí ló máa jẹ́ kí ọkàn rẹ mọ̀ pé igbe ló so àwòrán náà pọ̀ láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Èèyàn lè ka ojú ewé mẹ́ta nípa Guernica kí èyí má yé e.

Bí ẹ bá jẹ́ méjì tó ń kàwé pọ̀, ẹ kẹ̀yìn síra yín. Kí ẹnì kan mú àwòrán lọ́wọ́, kó máa ṣàpèjúwe rẹ̀. Kí èkejì máa yà á bó ṣe ń gbọ́ ọ. Nígbà tí ẹ bá wá fi méjèèjì wéra, ibi tí àpèjúwe náà ti kùnà á hàn gbangba. Kò sí eré ìdárayá tó dà bíi rẹ̀ fún ẹni tó máa kọ àròkọ.

4. Má jẹ́ kí ìwé tàn ọ́ lórí ìwọ̀n

Ìwé máa ń sọ gbogbo iṣẹ́ di ẹgbẹ́ ara wọn. Ère obìnrin kékeré tí wọ́n rí ní Willendorf ní Austria lọ́dún 1908 ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 11, ọwọ́ kan lè gbá a mú. Ère Dáfídì tí Michelangelo gbẹ́ ga ju mítà 5 lọ. Nínú ìwé rẹ, ó ṣeé ṣe kí méjèèjì gba ìdajì ojú ewé ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mona Lisa ẹ̀wẹ̀, tí ọ̀pọ̀ rò pé ó tóbi bí ilẹ̀kùn, kò ju sẹ̀ǹtímítà 77 sí 53 lọ.

Nítorí náà, mú téèpù tí wọ́n fi ń wọn nǹkan. Guernica ga tó mítà 3.49, ó sì fẹ̀ tó mítà 7.77: wọn ìyẹn sílẹ̀ ní pápá ilé ẹ̀kọ́, kí o rìn ín já. Iwájú àwòrán tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dúró lójú kan. Èyí tó ṣeé gbá mọ́wọ́, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n ṣe é fún pátápátá.

Fọ́tò tún máa ń fi ẹ̀yìn ère pa mọ́, nítorí náà wá fọ́tò tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn. Àwọ̀ náà ń tan ni. Àwọn ère òkúta mábù ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́ tí à ń rí ní funfun báláú yìí, wọ́n kùn wọ́n nígbà tí wọ́n ṣe wọ́n. Ọ̀dà wọn ló ti ṣí kúrò.

5. Ṣe káàdì kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan

Níwájú káàdì, lẹ àwòrán pẹ́ńsù tìrẹ. Lẹ́yìn rẹ̀, kọ orúkọ iṣẹ́ náà, ẹni tó ṣe é bí a bá mọ̀ ọ́n, ọdún tàbí ọ̀rúndún, ohun tí wọ́n fi ṣe é, ìwọ̀n rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣe é àti ibi tó wà báyìí. Parí rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn kan tí o fúnra rẹ rò, kì í ṣe èyí tí o dà kọ.

Ìlà méjì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú jù. Èkíní ni ohun tí wọ́n fi ṣe é. Wo àwọn orí idẹ Ifẹ̀, tí wọ́n hú púpọ̀ nínú wọn jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Bí o bá kọ “idẹ” tí o dákẹ́, o fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ inú rẹ̀. Wọ́n fi ìda bo amọ̀ náà, ara ìda yìí ni wọ́n sì ti ṣe ojú, ètè àti àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tó gba ojú kọjá. Wọ́n tún fi amọ̀ bo ìda, wọ́n fi iná sí i, ìda yọ́ jáde, wọ́n sì da idẹ yíyọ́ sáàyè tó fi sílẹ̀. Fífọ́ ni wọ́n ń fọ́ amọ̀ òde kí ère tó jáde, nítorí náà àṣìṣe kan ṣoṣo lè ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́. Àwọn kan nínú àwọn orí náà tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bàbà pọ́nńbélé, bẹ́ẹ̀ bàbà pọ́nńbélé ṣòro dà ju idẹ lọ. Ẹni tó bá mọ èyí lè sọ̀rọ̀ nípa ọlà tó wà láàfin, nípa irin tí òwò gbé dé, nípa iṣẹ́ kíkọ́ tó gba ọ̀pọ̀ ọdún, láti ara ère kan ṣoṣo.

Èkejì ni ibi tó wà báyìí. Má kọ orúkọ mùsíọ́mù lásán. Kọ bó ṣe dé ibẹ̀. Àwọn idẹ Benin wà káàkiri Yúróòpù àti Amẹ́ríkà nítorí pé àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Ọba Benin ní 1897. Ní 2022, Jámánì fọwọ́ sí i pé kí àwọn tó wà nínú mùsíọ́mù tirẹ̀ padà di ti Nàìjíríà, ó sì dá díẹ̀ padà kí ọdún náà tó parí. Ara ìtàn iṣẹ́ náà nìyẹn, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n dà á ṣe jẹ́ ara ìtàn rẹ̀.

6. Lẹ ìlà ọdún mọ́ ògiri

Bébà gígùn kan, àmì kan fún ọ̀rúndún kọ̀ọ̀kan, ó tán. Káàdì kọ̀ọ̀kan tí o bá ṣe, kọ orúkọ rẹ̀ sáyè rẹ̀. Ohun tí ìwé pín sí orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ máa wá pàdé lójú rẹ. Ọ̀rúndún kejìlá ni wọ́n kọ́ Angkor Wat ní ilẹ̀ Kàm̀bódíà, nígbà tó sì kù díẹ̀ kí ọ̀rúndún náà parí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Chartres kọ́ ní Faransé. Àwọn orí Ifẹ̀ bọ́ sí àárín ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, ìgbà tí Giotto náà ń ya ara ògiri ní Padua ní Ítálì, ní nǹkan bí 1305.

Fa ọfà níbi tí o bá ti rí i pé ohun kan kó bá òmíràn. Ní nǹkan bí 1831, Hokusai tẹ àwòrán ìgbì omi ńlá rẹ̀ jáde láti ara pákó fífín ní Japan. Irú àwòrán bẹ́ẹ̀ dé Yúróòpù nígbà tó yá, àwọn ayàwòrán Paris sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà wọ́n. Claude Monet kó wọn jọ sílé. Ẹni tó bá mọ ọfà yìí kò ní máa sọ pé Monet kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í yà báyẹn ni.

7. Gbé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Láti ìgbà tí Heinrich Wölfflin, olùkọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà, ti ń fi ẹ̀rọ méjì gbé àwòrán méjì sára ògiri kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà ni ìfiwéra ti di ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí. Yan iṣẹ́ tó ní ohun kan pọ̀, kí ìyàtọ̀ lè sọ̀rọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Dáfídì mẹ́ta. Ìtàn kan náà ni, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n: ọmọdé, kànnàkànnà, Gòláyátì. Ti Donatello, láàárín ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, jẹ́ idẹ: ọmọdékùnrin tó dé fìlà, tó mú idà lọ́wọ́, tó sì tẹ orí Gòláyátì mọ́lẹ̀. Ogun ti parí. Ti Michelangelo, 1501 sí 1504, jẹ́ òkúta mábù: kò sí Gòláyátì níbẹ̀ rárá, kànnàkànnà wà léjìká, iwájú orí ti fúnpọ̀, ojú ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ogun kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ti Bernini, 1623 sí 1624, òkúta mábù náà ni: ara rẹ̀ lọ́ wìnnì, ó ká ètè mọ́ra, òkúta fẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá yẹn gan-an ni.

Wàyí o, bi ara rẹ pé kí nìdí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi yan ìgbà tó yàn. Bí o bá ti ń dáhùn ìyẹn, o ti ń sọ̀rọ̀ nípa ìyàtọ̀ àárín sáà Renaissance (ti Donatello àti Michelangelo) àti sáà Baroque (ti Bernini), bẹ́ẹ̀ o kò tíì há ìtumọ̀ kankan sórí.

8. Nígbà tí o bá ń ka ìwé, mọ ẹni tó kọ ọ́

Giorgio Vasari tẹ ìwé ìgbésí ayé àwọn oníṣẹ́ ọnà Ítálì jáde ní 1550. A jẹ ẹ́ ní gbèsè púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará Florence ló máa ń gbé ga jù. Leo Frobenius, olùwádìí ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní 1910, ó rí iṣẹ́ tó dára, ó sì kọ ọ́ pé ìràn àwọn Gíríìkì àti ìlú Atlantis inú ìtàn àròsọ ló wà lẹ́yìn rẹ̀, torí kò lè gbà pé àwọn ará ibẹ̀ ló ṣe é. Inú máa ń bí mi bí mo bá ń ka ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì yẹ kó bí ìwọ náà. Bí ìwé bá sọ nǹkan fún ọ, padà sídìí iṣẹ́ náà kí o wò ó bóyá ó bá a mu.

9. Kọ ọ́

Gbólóhùn bíi “àwòrán yìí dára púpọ̀, ó sì ń bani nínú jẹ́” kò sọ nǹkan kan. Sọ ohun tí o rò, tọ́ka sí ibi tí o ti rí i, kí o ṣàlàyé bí èkejì ṣe gbe èkíní lẹ́sẹ̀. Fún àpẹẹrẹ:

“Picasso kò lo pupa fún ẹ̀jẹ̀ tàbí fún iná nínú Guernica. Dúdú, funfun àti eérú nìkan ló fi sílẹ̀, bí fọ́tò inú ìwé ìròyìn, inú ìwé ìròyìn ló sì ti kà nípa bọ́ǹbù tí wọ́n jù sí ìlú náà ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin, 1937. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wò ó ń gba ìròyìn náà bí ayàwòrán ṣe gbà á.”

Gbólóhùn mẹ́ta péré, kò sí ọ̀rọ̀ ìyìn kan níbẹ̀. Kọ irú ìpínrọ̀ bẹ́ẹ̀ kan lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí o fún olùkọ́ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ kà. Kí ó bi ọ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: níbo lo ti rí i?

10. Wá iṣẹ́ gan-an lọ

Bí mùsíọ́mù bá wà nítòsí, iṣẹ́ mẹ́ta ti tó lọ́jọ́ kan. Rìn yí ère ká. Ka àkọlé lẹ́yìn tí o bá ti wò ó tán. Bí kò bá sí, ṣí ìkànnì Metropolitan Museum ní New York tàbí ti Rijksmuseum ní Amsterdam. Àwòrán tó mọ́ kedere pọ̀ níbẹ̀ tí èèyàn lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ti Rijksmuseum ní àwòrán ẹ̀ṣọ́ òru tí Rembrandt yà ní 1642, o sì lè sún mọ́ ọn títí wàá fi rí bí ọ̀dà ṣe sán. Wọ́n gé etí rẹ̀ ní 1715 kó lè gba ògiri tí wọ́n fẹ́ gbé e kọ́. Wá ibi tí wọ́n gé, kí o wo ohun tí gígé náà ṣe fún bí àwọn èèyàn inú rẹ̀ ṣe tò. Smarthistory, ìkànnì ẹ̀kọ́ ìtàn iṣẹ́ ọnà, náà wúlò gan-an fún àlàyé.

11. Ní ọjọ́ ìdánwò

Pín àkókò rẹ sórí ìbéèrè kí o tó kọ ọ̀rọ̀ kan. Bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ tí o kò rí rí síwájú rẹ, má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ rẹ̀. Kọ ohun tó wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà ohun tí wọ́n fi ṣe é àti bí wọ́n ṣe tò ó, kí o wá sọ èyí tó jọ nínú àwọn tí o mọ̀ àti ibi tó ti yàtọ̀ sí i. Bí ọdún gan-an bá sá mọ́ ọ lọ́wọ́, kọ ọ̀rúndún, kí o sọ ohun tí o rí lára iṣẹ́ náà tó mú ọ gbà bẹ́ẹ̀, kí o sì bọ́ sórí ìbéèrè tó kàn.